Ẹ Má Mú Ọmọ Tí Wárápá Ń Ṣe Kúrò Nílé Ìwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú wa. A ti fi kọ àròkọ, a sì ti fi pẹ̀tù sí aáwọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ tí wárápá ń ṣe, ó dà bí ẹni pé gbogbo wa a máa gbàgbé rẹ̀. Bí wárápá bá gbé ọmọ ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nílé ìwé, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn àwọn àgbà ni pé kí wọ́n mú un lọ sílé. Orí ń fọ́ ọmọ, àwa sì ń bẹ́ orí náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ní tèmi o, ohun tí ó ń ba ọjọ́ ọ̀la ọ̀pọ̀ ọmọ tí wárápá ń ṣe jẹ́ ni ìwà tí àwa tí a yí wọn ká ń hù sí wọn. Wárápá fúnra rẹ̀ ní oògùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ń fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ kò kà, iṣẹ́ tí kò kọ́, ọ̀rẹ́ tí kò ní, oògùn wo ni yóò dá wọn padà? N kò sọ èyí bí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wárápá ṣe èmi gan-an láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 8 títí mo fi pé ọmọ ọdún 13. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni ó mọ̀ bí ó ti wúwo tó.

Kí ni wárápá?

Kí á tó lè sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ó yẹ kí á mọ ohun tí a ń bá jà. Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀. Iná kékeré kan wà tí àwọn hóró inú ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá sọ tirẹ̀, òmíràn a gbà á, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rìn, tí a ń sọ̀rọ̀, tí a sì ń ronú. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí gbogbo ará ọjà bá ń pariwo tí ẹnìkan kò gbọ́ ti ẹnìkejì, ara kò ní mọ èyí tí òun yóò ṣe mọ́. Ìgbà náà ni ọmọ a ṣubú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa jà, tí itọ́ a máa hó lẹ́nu rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kò sí kòkòrò àrùn wárápá kankan nínú itọ́ náà. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọmọ náà kò lè kó o, ẹni tí ó bá bá a jẹun nínú àwo kan náà kò lè kó o, ẹni tí ó bá tẹ ìtọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá kò lè kó o. Mo fẹ́ kí á tẹnu mọ́ èyí dáadáa, nítorí ìbẹ̀rù àtikó o ni ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn sá sẹ́yìn, tí wọ́n a sì fi ọmọ sílẹ̀ kí ó máa fi orí gbá ilẹ̀ líle.

Ohun tí ń fa wárápá pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, tí atẹ́gùn kò sì dé ọpọlọ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó lè jẹ́ pé ibà wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ, tàbí pé àrùn lọ́rùnlọ́rùn ti mú un rí, tàbí pé ó fi orí gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ àbímọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú nǹkan bí ìdajì gbogbo àwọn tí ó ń ṣe, a kì í rí ìdí rẹ̀ pàtó. Wọ́n tún sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni a ìbá ti dènà, bí aboyún bá rí agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́, bí a bá tètè tọ́jú ibà ọmọ, bí awakọ̀ bá sì rọra sáré.

Ó tún yẹ kí á ya gìrì sọ́tọ̀. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà lára ọmọ tí ó wà láàrin oṣù 6 sí ọdún 5 kì í ṣe wárápá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó bá sì ṣe kò ní ní wárápá láéláé. Wárápá ni èyí tí ó ń padà wá ṣáá láìsí ibà, láìsí ohun kan tí a lè tọ́ka sí lọ́jọ́ náà pé òun ni ó fà á.

Kì í sì í ṣe gbogbo wárápá ni ó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Irú kan wà tí ó jẹ́ pé ọmọ yóò kàn dákẹ́ lójijì, yóò tẹjú mọ́ ibì kan bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ, kò ní gbọ́ bí a bá pè é, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 yóò sì máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Ó lè ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ òbí kì í ka èyí sí wárápá. Olùkọ́ a ní ọmọ náà ya ọ̀lẹ, pé kì í fetí sílẹ̀, a sì fi pàṣán lé e. Ṣé ẹ wá rí i pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run? Ọmọ tí ẹ̀ ń nà nítorí àìfetísílẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tí ó yẹ kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe rò pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kéré níye. Ní ọdún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde lórí ìlú Ìgbò-Ọrà. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n lọ, iye ènìyàn tí wọ́n wò tó nǹkan bí 19,000, wọ́n sì rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 5 tí wárápá ń ṣe. Bí a bá fi èyí wọn ilé ìwé ńlá kan tí ó ní ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, nǹkan bí márùn-ún ni kí á máa retí. Bí a kò bá rí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, ó yẹ kí á bèèrè ibi tí àwọn yòókù wà.

Ṣé yóò fi ọmọ mi sílẹ̀?

Ìbéèrè tí gbogbo òbí ń bi dókítà nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ irú wárápá tí ó jẹ́. Irú kan wà tí ó máa ń gbé ọmọ lójú oorun, tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan a máa gbọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí ó ní irú èyí ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá ọdún 16. Èyí tí ọmọ fi ń tẹjú mọ́ ibì kan pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ni ó ń fi sílẹ̀. Òmíràn a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti ń bàlágà, tí ọwọ́ rẹ̀ a máa já gìrì láàárọ̀ tí ife tíì a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kì í sábà lọ tán, ṣùgbọ́n oògùn ń ká a lọ́wọ́ kò dáadáa. Èyí tí ó le jù ni ti ọmọ tí nǹkan ti ṣe ọpọlọ rẹ̀ ní jàǹbá, tí kì í tètè gbọ́ oògùn.

Oògùn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ọdún 1912 ni dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, Alfred Hauptmann, ti rí i pé phenobarbitone ń dá wárápá dúró. Phenytoin tẹ̀ lé e ní ọdún 1938, lẹ́yìn náà ni carbamazepine, sodium valproate àti àwọn mìíràn dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ni wárápá ń ṣe káàkiri ayé, pé bí a bá tọ́jú wọn bí ó ti yẹ, ó lè tó 7 nínú 10 tí kò ní mú mọ́, àti pé oògùn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí lè wà ní iye tí kò ju dọ́là 5 lọ fún ẹnì kan lọ́dún. Síbẹ̀, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ó ń ṣe ni kì í rí ìtọ́jú tí ó yẹ.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti fi sùúrù wò. Ní ìlú Turku ní ilẹ̀ Finland, Ọ̀jọ̀gbọ́n Matti Sillanpää mú ọmọ 245 tí wárápá ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì ń tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi di àgbàlagbà. Nígbà tí ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1998, 112 nínú àwọn 176 tí ó lè yẹ̀ wò ni ó ti lo ọdún 5 ó kéré tán láìsí wárápá, 83 nínú wọn kò sì lo oògùn mọ́. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà fi hàn pé bí a bá fi àwọn tí wárápá ṣe ní kékeré wé àwọn ojúgbà wọn, wọn a máa pọ̀ jù lára àwọn tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tí kò rí ọkọ tàbí aya fẹ́, àti àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe.

Ní Nova Scotia ní ilẹ̀ Kánádà náà, Carol àti Peter Camfield pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo àwọn ọmọ tí wárápá ṣe ṣùgbọ́n tí ọpọlọ wọn pé. Ní ọdún 1993 wọ́n sọ pé ọ̀ràn wárápá fúnra rẹ̀, bí ó ti le tó tàbí bí ó ti tètè lọ tó, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tí yóò rí já jẹ láwùjọ àti ẹni tí kò ní rí já jẹ. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ìwádìí méjèèjì nìyí: wárápá lè lọ, kí ìpalára tí ó bá a wá má lọ. Dókítà lè ṣe tirẹ̀ tán, kí ọmọ náà má sì ní ọjọ́ ọ̀la.

Ọmọ méjì, oògùn kan náà

Ẹ má sọ pé ilẹ̀ òyìnbó ni mo lọ wá ẹ̀rí. Èmi náà ní tèmi. Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé mi nílé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí ó sọ fún ìyá mi ni pé, "Màmá, ẹ mú un lọ sílé. Bí ara rẹ̀ bá ti yá tán, ẹ mú un padà wá." Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sílé. A lọ sọ́dọ̀ onísègùn, a lọ sórí òkè àdúrà. Ó tó ọdún kan kí nọ́ọ̀sì kan ní dìsípẹ́ńsárì àdúgbò wa tó kọ ìwé fún ìyá mi pé kí ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún mi ní oògùn. Oògùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò padà sílé ìwé, nítorí ìyá mi ń dúró de ọjọ́ tí ara mi yóò yá tán.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ni ó wá sílé wa lọ́jọ́ kan tí ó ní, "Àbúrò mi, ọmọ yìí tí o fi sílé, kí ni ó ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀? Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ iná ìdáná ni ó máa ń wà? Ṣé kì í ṣe òun ni ó ń lọ fa omi nínú kànga? Èwo ni ó léwu jù, kànga ni àbí àga ìjókòó kíláàsì?" Ó mú mi lọ sí ilé ìwé tí òun ti ń kọ́ni. Ó sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí wọn yóò ṣe bí ó bá gbé mi. Ó gbé mi ní ẹ̀ẹ̀mẹfà níbẹ̀ láàrin ọdún mẹ́ta, wọ́n ṣe ohun tí ó sọ, àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọmọ ọdún 13 kò gbé mi mọ́. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún 17, dókítà dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Mo ti pé ọdún 24 báyìí. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa wárápá lágbàáyé là á sílẹ̀ ní ọdún 2014 pé ẹni tí ó bá ti lo ọdún 10 láìsí wárápá, tí kò sì lo oògùn fún ọdún 5 tí ó gbẹ̀yìn nínú wọn, a lè ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ó ti parí. Èmi ti kọjá ibẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ máa ń lọ gba oògùn ní kílíníìkì. Ọjọ́ orí wa kò ju ara wọn lọ. Oògùn kan náà ni a ń lò. Wárápá tirẹ̀ ti dáwọ́ dúró ṣáájú tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kejì, kò sí ẹni tí ó mú un padà. Bí a bá pàdé, èmi ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára káàdì rẹ̀ fún un. Lónìí, ara rẹ̀ le bí tèmi. Èmi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, òun kò sì lè kà á. Ta ni a óò bi léèrè fún ìyẹn? Ṣé wárápá ni?

Àwọn àwáwí wa

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àwáwí kìíní ni pé ọmọ náà lè kú sílé ìwé. N kò ní purọ́ fún yín pé wárápá jẹ́ ohun eré. Nínú àwọn ọmọ 245 ti Turku yẹn, 60 ni ó ti kú nígbà tí ó fi pé nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn tí wárápá wọn kò dáwọ́ dúró ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ewu wà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ewu náà wà? Omi jíjìn, iná, ibi gíga, ojú ọ̀nà ọkọ̀, àti oògùn tí a dá dúró lójijì. Ilé ni iná ìdáná àti kànga wà. Ẹni tí ó mú ọmọ kúrò ní kíláàsì nítorí ewu, tí ó sì fi í síwájú ààrò, kò gbà á lọ́wọ́ ewu kankan.

Àwáwí kejì ni pé ọmọ náà kò ní mọ̀wé. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń ní ìṣòro nínú ẹ̀kọ́ wọn, pàápàá àwọn tí ọpọlọ wọn ti fara pa. Oògùn mìíràn sì wà, bíi phenobarbitone, tí ó lè mú ọmọ tòògbé tàbí kí ó dín ìfetísílẹ̀ rẹ̀ kù. Bí olùkọ́ bá rí èyí, kí ó sọ fún òbí, kí òbí sọ fún dókítà, dókítà lè yí oògùn náà padà. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ bá le fún, ṣé olùkọ́ ni ó yẹ kí á gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwáwí kẹta ni pé kí á kọ́kọ́ wá ìwòsàn tiwa. Èmi náà jẹ àgbo, n kò sì ní bú ọlọ́sányìn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, òun ni àgbo ìtọ̀ màlúù tí a fi ewé tábà sí, tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì bá mú. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn nílẹ̀ wa níbí ti fi hàn pé ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń ṣe ọpọlọ àti mímí ọmọ ní jàǹbá. Ṣúgà tí ó bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fa gìrì. Bákan náà ni ti kíki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kí ó lè jí. Àpá iná náà yóò bá a dàgbà, kò sì ní wo ohunkóhun sàn. Ní ti àdúrà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ da oògùn nù kí àdúrà tó gbà, ẹ má dá a lóhùn, nítorí oògùn tí a dá dúró lójijì lè mú kí wárápá gbé ènìyàn léraléra láìjẹ́ pé ó jí láàrin rẹ̀, ìyẹn sì lè pa á.

Àwáwí kẹrin, ti ìgbéyàwó ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ kí àna má baà gbọ́. Ẹni tí wárápá ń ṣe lè gbéyàwó, ó sì lè bímọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í ní i. Ohun tí ó yẹ kí obìnrin kíyè sí ni irú oògùn tí ó ń lò. Sodium valproate lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, nítorí náà kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún, kí wọ́n lè wo oògùn mìíràn. Ẹ wá wò ó, báwo ni yóò ṣe bá dókítà sọ ọ́ bí wọ́n bá ti kọ́ ọ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni?

Kí ni ó kàn wá níbí?

Ó kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá yìí ni yóò di olùkọ́. Ọwọ́ wa ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́nà kìíní, kí gbogbo wa mọ ohun tí à ń ṣe bí wárápá bá gbé ènìyàn. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ tú ohun tí ó bá fún un lọ́rùn. Bí jíjà ara náà bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ lè máa jáde. Ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má da omi tàbí epo sí i lẹ́nu, ẹ má fún àlùbọ́sà sí i lójú. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ó jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ó bá jí, ẹ dúró tì í, nítorí ó lè má mọ ibi tí ó wà.

Lọ́nà kejì, ní ibùgbé wa, kí ẹni tí wárápá ń ṣe sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Kí ó lè sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá láìbẹ̀rù pé wọn yóò kó ẹrù wọn jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fi fóònù rẹ̀ ya fídíò nígbà tí ó gbé e, dókítà ni kí wọ́n fi hàn, ó sì lè wúlò fún un púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri kí ayé lè rí i, ìkà ni ó ṣe.

Lọ́nà kẹta, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ ẹnu wa, àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa. Bí ibà bá ń ṣe ènìyàn, a kì í sọ ọ́ di oníbà. A ó ní ibà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ wárápá, kíá ni a ó ti pè é ní oníwárápá, bí ẹni pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹun nìyẹn. Nínú eré orí ìtàgé àti sinimá wa, ẹni tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀ ni ẹni tí ayé ń bá jà tàbí tí ẹ̀san ké lé lórí. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ọ̀la tí ẹ wà láàrin wa, ṣé ẹ kò lè kọ eré kan tí ọmọ tí wárápá ń ṣe yóò lo oògùn rẹ̀, tí yóò ka ìwé rẹ̀, tí wọn yóò sì máa bá ìtàn lọ?

Lọ́nà kẹrin, kí ẹgbẹ́ wa tẹ ìwé pélébé kan jáde ní èdè Yorùbá tí ó já gaara, kí á kó o lọ sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó yí wa ká. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan lórí wárápá àti àwọn àrùn ọpọlọ mìíràn tí yóò parí ní ọdún 2031. Ètò dára. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kíláàsì kẹta ní abúlé kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ ní èdè tí ó yé e, orí ìwé ni yóò parí sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá gba ọmọ kan sí kíláàsì yín lọ́la tí wárápá sì gbé e, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ dúró tì í títí yóò fi jí, kí ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà yóò dáhùn.